Ọmọ mi gbọ́n, ṣùgbọ́n ìwé kíkà àti sípẹ́lì ò wọlé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dámi, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tísà tó wà níbí. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mo bá wá. Dámilọ́lá ti pé ọmọ ọdún 9, ó wà ní pírámárì fọ́ọ̀.

Ẹnu ọmọ yìí dá ṣáká. Tí màmá mi bá pa àlọ́ fún un lálẹ́, tó bá di ọjọ́ kejì á tún un pa fún àwọn àbúrò rẹ̀ láì fo ibì kankan, orin inú ẹ̀ gan-an á pé lẹ́nu rẹ̀. Rédíò bàbá rẹ̀ tó dákẹ́, òun ló tú u, tó tún un tò, tó sì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé síwájú rẹ̀ báyìí, ojú rẹ̀ á yí padà. "Was" á di "saw". Ọ̀rọ̀ tó kà lókè ojú ewé, tó bá tún bá a pàdé nísàlẹ̀, bíi pé kò rí i rí ni. Títí di òní, b àti d ò tíì yàtọ̀ síra lójú rẹ̀.

Mo ní ìwé àpèkọ ọjọ́ Fráídè tó kọjá lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Tísà pe school, ó kọ skul. Tísà pe friend, ó kọ fred. Train, ó kọ chran. Drink, ó kọ jrik. But, ó kọ bot. Cut, ó kọ kot. Because, ó kọ becos. Báírò pupa ni wọ́n fi fagi lé gbogbo ẹ̀, wọ́n sì kọ òdo sísàlẹ̀.

Tísà lẹ́sìnnì tó ń wá sílé máa ń na ọmọ náà, mo ti ní kó má wá mọ́. Iléèwé ní bóyá ká dá a padà sí pírámárì tíríì. Ìyá ọkọ mi ní ká gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Mò ń gbàdúrà fún ọmọ mi, mi ò sì ní dákẹ́, àmọ́ mo tún fẹ́ mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe nílé. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà, WAEC sì ni mo kà mọ. Ṣé irú mi lè kọ́ ọ? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Ìlọrin

Ẹ má bínú o, ìyá. Ó dà bíi pé ẹ ń kẹ́ ọmọ náà jù ni. Láyé tiwa, pàṣán ló kọ́ wa ní ìwé. Ọmọ tó lè tú rédíò tó sì tún un tò, kò sí ohun tó ń ṣe ọpọlọ rẹ̀, ìwé ni kò fẹ́ kà. Ẹ gba bọ́ọ̀lù àti fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ fún sáà kan ná.

Tísà Àgbà, Ọ̀yọ́

Ìyá Dámi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Tísà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, tó wà níbí ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1977, ni mo ti kọ́ṣẹ́, irú àwọn ọmọ bíi Dámi ni mo sì bá ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ ní sùúrù fún mi.

Bàbá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pàṣán yẹn kọjá báyẹn. Ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já kì í rántí èyí tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pàápàá, ká má tíì sọ èyí tí kò mọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì sọ ọ́: ọpọlọ rẹ̀ pé. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1896, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Pringle Morgan kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan, Percy, tó mọ ìṣirò, tí ojú rẹ̀ ríran kedere, ṣùgbọ́n tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kéékèèké. Tó bá fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀, "Precy" ló máa kọ. Tísà rẹ̀ ní ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan ni, òun ni ì bá mú jù nínú iléèwé náà. Ẹ ò rí i pé ó jọ ọmọ tó ń pa àlọ́ láì fo ibì kan?

Ohun tí wọ́n ń pè ní dyslexia nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Bí ọpọlọ ṣe ń so ìró tí etí gbọ́ mọ́ lẹ́tà tí ojú rí ló yàtọ̀ díẹ̀. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí, torí náà ẹ fọgbọ́n bi bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bóyá ìwé kíkà le fún ẹnì kan nínú wọn rí. Èmi ò rí Dámi, nítorí náà mi ò ní sọ pé òun ló ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ náà wò. Mo ti rí ọmọ tí awò ojú nìkan yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de èsì kankan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé, nítorí iṣẹ́ náà ò lè pa ọmọ kankan lára.

Ẹ jẹ́ ká jọ wo àpèkọ yẹn, torí òun ló máa sọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Skul: s, k, u, l. Ìró mẹ́rin ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì kọ, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Chran: ẹ pe train kíákíá lẹ́nu yín, ẹ ó gbọ́ pé t àti r dà pọ̀, wọ́n ń dún bíi ch. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló kọ sílẹ̀. Bot àti kot ńkọ́? Lẹ́nu àwa Yorùbá, u inú but àti cut ń dún bí ọ. Ọmọ tó gbọ́ ọ lẹ́nu tísà, lẹ́nu ìyá, lẹ́nu bàbá, o ló máa kọ. Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wa ń sọ níwájú rẹ̀ ló kọ yẹn. Ẹ kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ sójú kan fún un, but, cut, nut, bus, cup, sun, kó mọ̀ wọ́n bí ọmọ ìyá kan náà, kó kọ wọ́n pọ̀, kó kà wọ́n pọ̀.

Fred àti jrik ni ẹ jẹ́ ká dúró lé lórí. Nínú méjèèjì, n ló sọnù. Ọmọ Yorùbá ni, in àti ẹn lédè wa, fáwẹ́lì kan ṣoṣo tó ń gba imú jáde ni, bíi ti inú ẹyin tàbí ìyẹn. Nítorí náà, tó bá gbọ́ drink, kò gbọ́ n lọ́tọ̀. Ẹ ní kó fi ìka méjì di imú rẹ̀ mú, kó pe "drik". Á jáde wọ́ọ́rọ́. Kó wá pe "drink" pẹ̀lú imú tó dì yẹn. Ohùn rẹ̀ á há. Ibi tó há sí yẹn gan-an ni n wà. Ọmọ tó bá ti fi imú ara rẹ̀ rí n báyìí, ó máa ń wá a nínú ọ̀rọ̀ mìíràn fúnra rẹ̀: hand, tent, bank.

Ó ti yé yín báyìí pé òdo kọ́ ló yẹ kí wọ́n fún ọmọ yìí.

Ẹ bi mí bóyá irú yín lè kọ́ ọ. Ẹ lè kọ́ ọ dáadáa. Inú Yorùbá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣèdánwò. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ ná. Lẹ́tà 25 ni ábídí wa ní, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò sì yí ohùn padà. A inú bàtà náà ni a inú ata, òun náà ni a inú ilá. Ẹ wá wo a àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú cat, cake, call àti about. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lẹ́tà 26 ni wọ́n ní, ìró èdè wọn sì tó 44. Ọmọ tí ìsopọ̀ ìró mọ́ lẹ́tà ń ṣòro fún, ibi tí nǹkan ti dúró lójú kan ló yẹ kó ti kọ́kọ́ rí i pé òun lè kàwé. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kì í ṣe àwọn ọmọ bíi Dámi ni wọ́n torí wọn ṣe é o, ṣùgbọ́n ó yẹ kó fọ̀kàn yín balẹ̀ pé Yorùbá kì í dí ọmọ lọ́nà.

Etí lẹ máa kọ́kọ́ kọ́, kò gba ìwé, kò gba báírò. Ẹ lè máa ṣe é bí ẹ ṣe ń ká aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù. "Dámi, pe bàtà. Yọ bà kúrò, kí ló kù?" "Tà." "Pe ìkòkò. Yọ ì." "Kòkò." "Ìró wo ló ṣáájú nínú ṣíbí?" Tó bá ti ń dáhùn láì ronú púpọ̀, ẹ wá mú lẹ́tà jáde.

Ẹ má pe lẹ́tà ní bí, dí, fí, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lórin fún wa nígbà èwe. Ọmọ tó gbọ́ "bí" pẹ̀lú "à", báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé "bà" ló jáde níbẹ̀? Ìró rẹ̀ nìkan ni kí ẹ pè. Èyí tó ṣeé fà, bíi m àti s, ẹ fà á gùn: mmmm, ssss. Èyí tí kò ṣeé fà, ẹ gé e kúrú. Àmì ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ẹ kọ́ ọ láti ọjọ́ kìíní, torí ìró mìíràn ni wọ́n. Ẹ fi àmì òkè sílẹ̀ di ìgbà tó bá ti ń kà geere, kí ẹrù má pọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lórí b àti d, ẹ ṣe sùúrù, ẹ má kọ́ méjèèjì pọ̀. B nìkan ni kí ẹ mú fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, kí d lọ sinmi. Ẹ gbé dígí síwájú rẹ̀. Tó bá pe b, á rí i tí ètè rẹ̀ méjèèjì pàdé. Ẹ da gaàrí sínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀, kó fi ìka kọ ọ́ gbàgàdà, kó máa pe ìró rẹ̀ bí ìka ṣe ń lọ. Nígbà tí b bá ti jókòó, ẹ wá mú d wá: kó wo dígí náà, ètè ò pàdé mọ́, ahọ́n ló lọ kan ẹ̀yìn eyín òkè. Tó bá ti rú u lójú níbi ìwé, ẹ ní kó bi ẹnu ara rẹ̀ léèrè. Ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ á jọ ṣiṣẹ́. Samuel Orton tó jẹ́ dókítà àti Anna Gillingham tó jẹ́ olùkọ́ ló gbé irú ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1930 sí 1940, títí di òní òun náà ni wọ́n ṣì ń fi kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Tó bá kan Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà mẹ́fà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: s, a, t, p, i, n. Ẹ gé páálí mílíìkì sí wẹ́wẹ́, ẹ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i lára. Sat, tap, pin, nap, tin, pan, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ nínú mẹ́fà yẹn. Ẹ ṣọ́ p o! P tiwa ń ti ọ̀fun àti ètè jáde lẹ́ẹ̀kan, bíi ti inú pátákó. Ti Gẹ̀ẹ́sì, ètè nìkan ni. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé méjì ni wọ́n, kó má bàa dà á pọ̀.

Fún sípẹ́lì, ẹ ṣa ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò jọ. Ẹ pe "stop". Kó tún un pè. Kó fa ìdérí kan jáde fún ìró kọ̀ọ̀kan: s, t, o, p. Ìdérí mẹ́rin. Kó tó kọ ọ́, kó ti mọ̀ pé mẹ́rin lòun ń wá. Ọ̀rọ̀ tí kì í tẹ̀ lé òfin, bíi said, was, one, méjì péré lọ́sẹ̀ kan. Ẹ wo friend lẹ́ẹ̀kan sí i: tí n bá ti padà sí àyè rẹ̀, i nìkan ló kù kó há sórí nínú lẹ́tà mẹ́fà. Ẹ fi báírò pupa yí i ká. Mo fẹ́ràn kí báírò pupa máa fi ibi tó le han ọmọ ṣáájú kó tó kọ ọ́.

Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ ti tó, lẹ́yìn tó bá ti jẹun. Ó sàn ju kí ẹ jókòó tì í fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé. Èyí tó mọ̀ lánàá lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó rọrùn fún un lẹ fi ń parí, kó lè fẹ́ padà wá lọ́la. Lálẹ́, ẹ̀yin ni kí ẹ máa ka ìtàn fún un, kó jókòó tì yín kó máa wo ìwé náà. Ẹ má ní kó kà á. Ìmọ̀ gbọ́dọ̀ máa wọlé síbẹ̀ bí kíkà ò tiẹ̀ tíì yá.

Ìyá Tèmi, Peckham

Ẹ ṣeun, Tísà Àgbà. Mo ti la irú ọ̀rọ̀ yìí kọjá níbí ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọmọ mi obìnrin. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2012, ọmọ tó bá ti wà ní Year 1 (ọmọ ọdún 5 sí 6) ni wọ́n ń yẹ̀ wò bóyá ó lè so ìró pọ̀ di ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí tiwa. Iléèwé ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tísà kan tí wọ́n ń pè ní SENCO, tó ń mójú tó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹbí níbí, ẹ sọ fún wọn pé òun ni kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì fi lẹ́tà béèrè, kì í ṣe lẹ́nu géètì. Tó bá di ìdánwò àṣekágbá, wọ́n lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò ìdánwò kún ti ọmọ náà.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹnì kan níléèwé ní ká jáwọ́ nínú Yorùbá nílé, pé èdè méjì ló ń da orí rẹ̀ rú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èdè méjì kì í fa dyslexia. Bí ìyá mi ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Ìjẹ̀bú Òde ló ń bá a sọ lọ, a ò dáwọ́ dúró. Ìyá Dámi, ẹ máa tọ́jú ìwé tí Dámi ń kọ, ẹ kọ ọjọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá dé iwájú ẹni tó fẹ́ ṣàyẹ̀wò fún un, ẹ̀rí nìyẹn. Fóònù yín náà lè ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde sí i létí, ó wà nínú ètò rẹ̀ láì san owó.

Ṣọlá Rẹ́wáyà, Ìbàdàn

Ohùn ni mo fi ń kọ èyí, fóònù ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi ló sì bá mi fi àmì sí i. Olódo ni wọ́n ń pè mí ní pírámárì. Tísà á ní kí n dúró síwájú kíláàsì, kí n kàwé, àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Mo kúrò níléèwé láì lè ka ojú ewé kan tán.

Lẹ́nu iṣẹ́ iná ni ọ̀gá mi ti rí i pé tí òun bá ya àwòrán wáyà fún mi lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá ń kọ́ mi ní kíkà lálaalẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Rúlà ni mo máa ń gbé sábẹ́ ìlà tí mò ń kà kí èyí tó wà nísàlẹ̀ má bàa fà mí lójú. Mò ń kàwé báyìí. Ó ṣì lọ́ra, ṣùgbọ́n mò ń kà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ yẹn ní olódo, pàápàá lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Èyí tí wọ́n pè mí lọ́jọ́ yẹn ṣì ń dún létí mi, èmi tí mo ti bímọ mẹ́ta.

Ìyá Dámi, Òṣogbo

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Omijé ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Àǹtí Peckham, mo ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. A ṣe ti imú yẹn lálẹ́ àná, ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ń di imú kiri inú ilé, ó ń wá n nínú orúkọ gbogbo wa.

Tísà, ìbéèrè kan ló kù. Ṣé kí n gbà kí wọ́n dá a padà sí pírámárì tíríì? Kí sì ni kí n sọ fún tísà kíláàsì rẹ̀, kó má rò pé mo wá bá a jà?

Tísà Àgbà, Ọ̀yọ́

Ẹ má gbà, àyàfi tí wọ́n bá sọ fún yín ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́tọ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá náà ni wọ́n máa tún kọ́ ọ, ibi tó dúró sí náà ló máa dúró sí, ojú á sì tún tì í láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí i.

Fún tísà rẹ̀, ẹ lọ bá a lẹ́yìn tí iléèwé bá ti tú, kì í ṣe láàárọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Ọmọ 40, ọmọ 50 lè wà níwájú rẹ̀, ẹ kí i fún iṣẹ́ náà kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ẹ mú ìwé àpèkọ yẹn dání, kí ẹ fi skul hàn án, kí ẹ ka ìró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un bí mo ṣe kà á fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ohun mẹ́ta péré. Kó má ní kí Dámi kàwé sókè níwájú kíláàsì láì jẹ́ pé ó ti fún un ní ibẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú kó lọ fi dánra wò nílé. Kó jẹ́ kó jókòó síwájú, kí ẹnì kan máa bá a da iṣẹ́ ojú pátákó kọ tó bá pọ̀. Tó bá ń máàkì Social Studies tàbí Basic Science, kó máàkì ohun tí ọmọ náà mọ̀, kó má yọ máàkì torí sípẹ́lì.

Tísà tó bá gba ọ̀kan nínú mẹ́ta náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ padà lọ nínú oṣù tó ń bọ̀ fún èyí tó kù. Ẹ padà síbí náà pẹ̀lú àpèkọ mìíràn, ká lè wò ó bóyá n ti wọlé, ká sì mọ lẹ́tà tó kàn.